Òkùnkùn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rò: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Sátẹ́láìtì Nínú Géèmù

Ọ̀rọ̀ géèmù la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe géèmù bọ́ọ̀lù. Kerbal Space Program ni, géèmù tí èèyàn ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ to rọ́kẹ́ẹ̀tì àti sátẹ́láìtì, tí á sì gbé e lọ sí òfuurufú. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń gbá a. Ẹni tó bá jẹ́ pé fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ lè wa Spaceflight Simulator. Kò jinlẹ̀ tó Kerbal, ṣùgbọ́n ojú yín á là sí bí nǹkan ṣe ń yí ayé po láì já bọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ sátẹ́láìtì tó máa ṣiṣẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú òkùnkùn.

Kí ni mo ń sọ? Sátẹ́láìtì tó ń yí ayé po máa ń gba ẹ̀yìn ayé kọjá, níbi tí oòrùn ò ti lè rí i. Níbẹ̀, sola rẹ̀ ò mú iná kankan wá. Bátìrì nìkan ló kù tó máa gbé e dé ojúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti pe oní-sola wá sílé rí, ẹ ti mọ ìṣirò yìí. Kí ló máa kọ́kọ́ bi yín? Á ní, kí lẹ fẹ́ kó gbé? Fáànù ni àbí fìríìjì? Wákàtí mélòó lẹ fẹ́ lò ó lóru? Lẹ́yìn ìyẹn ló máa tó sọ iye bátìrì, lẹ́yìn bátìrì ló máa sọ iye pánẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá kó pánẹ́ẹ̀lì jọ sórí òrùlé láì ṣírò òru, inú òkùnkùn ló máa sùn. Bó ṣe rí ní Ìdí-Àbà náà ló rí lókè ọ̀run.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Kerbin ni wọ́n ń pe ayé inú géèmù yìí. Bí sátẹ́láìtì yín bá wà ní 100 kìlómítà sókè, nǹkan bí ìṣẹ́jú 33 ló máa fi yí Kerbin po lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí 11 nínú ẹ̀ sì lè jẹ́ òkùnkùn. Stayputnik wà lára àwọn ọpọlọ sátẹ́láìtì tí géèmù náà kọ́kọ́ ń fúnni. Ìwọ̀n iná 10 ló wà nínú ẹ̀, ó sì ń jẹ nǹkan bí 1.67 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ìṣẹ́jú 6, iná ti tán, òkùnkùn ṣì ku ìṣẹ́jú 5.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀? Bó bá jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ lẹ lò, oòrùn lè jí i bó bá yọ sí ìta. Àmọ́ bó bá jẹ́ èyí tó máa ń ká pọ̀ ni, tẹ́ ẹ sì gbàgbé láti tẹ́ ẹ kí iná tó tán, ẹ ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò lè pàṣẹ fún un mọ́ pé kó tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, nítorí iná ló fi ń gbọ́ àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ bátìrì kékeré kan tó ń jẹ́ Z-100 gba iná 100, ó tó fún òkùnkùn yẹn ní nǹkan bí ìgbà márùn-ún. Pánẹ́ẹ̀lì OX-STAT kan ṣoṣo tí oòrùn bà dáadáa ń mú 21 wá ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ lẹ mẹ́rin yí i ká, kí oòrùn lè bá ọ̀kan níbi tó pọ̀ jù tó bá kọjú sí. Owó kékeré nìyẹn nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa lórílẹ̀-èdè yìí. Ní 1999 ni wọ́n dá NASRDA sílẹ̀, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà. Lábẹ́ ìjọba ọmọ Abẹ́òkúta tiwa, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, Ẹbọra Òwu, ni NigeriaSat-1 gbéra láti Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, 2003. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, 2007, nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kó gbéjọba sílẹ̀, NigComSat-1 gbéra láti Ṣáínà. Ó ju 5,000 kìlógíráàmù lọ, iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ni wọ́n rán an, ibùdó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 36,000 kìlómítà sókè.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Sátẹ́láìtì dé ibùdó. Ọdún 15 ni wọ́n ṣe é fún. Ní oṣù Kọkànlá, 2008, ìṣòro dé bá ètò sola rẹ̀, iná tán, ó dákẹ́. Kò tíì pé ọdún méjì. Bí iná bá lọ nílé, a lè pe oníná. Ta la fẹ́ pè lọ sí 36,000 kìlómítà? Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n ti ṣe ìbánigbófò fún un. Arọ́pò rẹ̀, NigComSat-1R, gbéra ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, 2011. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ olówó ńlá, bí kò bá síná, irin lásán ni.

Ìbéèrè kejì tí oní-sola yẹn bi yín náà ṣe pàtàkì: iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ kó ṣe? Ẹ wo kámẹ́rà. Nígbà tí NigeriaSat-1 ń ṣiṣẹ́, ó máa ń ya ilẹ̀ tó fẹ̀ ju 600 kìlómítà lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi láti Èkó dé Àbújá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹyọ àmì kan nínú àwòrán rẹ̀ jẹ́ 32 mítà lórí ilẹ̀. Èèyàn lè fi wo bí omi ìsédò Ọ̀yán ṣe fẹ̀ tó nígbà náà, àmọ́ kò lè fi wá ilé ẹnikẹ́ni. NigeriaSat-2, tó gbéra ní oṣù Kẹjọ, 2011, ni wọ́n ṣe láti rí ohun tí kò ju 2.5 mítà lọ. Ìyẹn tó láti rí ilé. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 20 kìlómítà péré ni fífẹ̀ ibi tí wọ́n ṣe é láti rí báyẹn, ó kàn tó ìlú wa ni.

Èwo ló dáa jù? Ẹ rántí àgbàrá òjò tó ṣọṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní oṣù Keje, 2018. Bó bá jẹ́ ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi lẹ fẹ́ mọ̀, ojú tó ń rí 2.5 mítà lẹ nílò. Bó bá jẹ́ gbogbo odò Ògùn láti òkè wá lẹ fẹ́ ṣọ́, ojú tó fẹ̀ ni. Kámẹ́rà méjèèjì ò sì rí abẹ́ ìkúùkùu, torí náà kí òjò tó dé ló yẹ ká ti ya ti àwọn ọ̀nà omi. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe á ra kámẹ́rà tí kò wúlò fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni áńtẹ́nà inú géèmù. Communotron 16 lè jẹ́ iṣẹ́ tara rẹ̀ dé ilé, kò lè bá ẹlòmíì jẹ́ iṣẹ́. HG-5 lè gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì kó sì fi ránṣẹ́ síwájú. Ẹ to mẹ́ta irú ìyẹn yí Kerbin ká ní ìwọ̀n ọgbọọgba, ní 2,863 kìlómítà sókè. Níbẹ̀, bí Kerbin bá ṣe ń yí làwọn náà ń yí, kálukú á máa wà lókè ibì kan náà. Irú ibùdó tí NigComSat-1R wà sí ayé tiwa nìyẹn.

Ẹnì kan lè ní, kí ni eléyìí kàn mí? Ẹ gbọ́. Ní 2017, NigeriaEduSat-1 dé òfuurufú, ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, FUTA. Àpótí tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ni, nǹkan bí kìlógíráàmù kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́ ọ ní Japan, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Ghana, Mongolia, Bangladesh àti Japan fúnra rẹ̀. Ní 2019 ló jóná bó ṣe ń já bọ̀, torí pé afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, ó sì ń fà á wálẹ̀. Ibi tí géèmù ti yàtọ̀ nìyẹn: ní Kerbin, bí ẹ bá ti kọjá 70 kìlómítà, afẹ́fẹ́ ò lè fà yín mọ́. Àmọ́ ìṣirò iná ò yàtọ̀. Inú àpótí tí kò tó búrẹ́dì kan ni wọ́n ti fún bátìrì, sola, kámẹ́rà àti áńtẹ́nà pọ̀. Kò sáàyè àṣejù níbẹ̀.

Iṣẹ́ àmúrelé yín rèé. Kẹ́ ẹ tó ṣí géèmù, ẹ mú bébà. Ẹ kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí sátẹ́láìtì yín máa ṣe. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tó máa lò nínú òkùnkùn, iye iná tó máa jẹ níbẹ̀, bátìrì tó máa gbé e, pánẹ́ẹ̀lì tó máa kún bátìrì yẹn padà. Lẹ́yìn náà, áńtẹ́nà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ló gbẹ̀yìn, torí ẹrù la fi ń mọ ọkọ̀ tá a máa pè. Ẹ fi àwòrán bébà yẹn ránṣẹ́ sí wa, màá mú mẹ́ta nínú ẹ̀, a ó sì jọ gbé wọn lọ sókè lórí ètò tó ń bọ̀.

Iná ò ní kú mọ́ wa lórí.