Iná Sólà: Kí Ló Dé Tí Àwọn Èèyàn Wa Ń Sá?

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Ìdí tí mo fi dìde ni pé lónìí la fẹ́ dìbò lórí owó tí a dá láti gbé iná sólà sí yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ìwé wa. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tí kò fara mọ́ ọn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Egbin kò jìnnà sí Agric níbí. Agbára rẹ̀ tó megawáàtì 1,320. Síbẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ la fi ń sùn. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n gógó. A rò pé gbogbo ayé á sáré lọ sídìí oòrùn. Àwọn kan sáré lọ lóòótọ́. Àwọn kan ní, "Sólà kẹ̀? Ẹ má dán an wò!"

Mi ò bá wọn jà o. Màámi ra tiwọn lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Kò pé ọdún kan tí bátìrì fi kú, oníṣòwò ò sì gbé fóònù mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún Màámi pé pánẹ́ẹ̀lì lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ bátìrì olómi tí èèyàn bá ń lò gbẹ lálaalẹ́ kì í pẹ́ bàjẹ́. Láti ìgbà náà, ilé wa ni gbogbo àdúgbò fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ṣé ẹ rí i? Oòrùn kọ́ ni wọn ò gbà, èèyàn ni wọn ò gbà gbọ́.

Ẹ wá wo Gbamu-Gbamu, abúlé àwọn àgbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú East, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 2018, ilé iṣẹ́ Rubitec, pẹ̀lú ìrànwọ́ Jámánì àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, gbé iná sólà kílówáàtì 85 kalẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o, owó ni wọ́n ń san. Òfin àjọ NERC ti ọdún 2016 lórí irú iná bẹ́ẹ̀ sọ pé bí oníṣẹ́ àti ará ìlú bá fẹ́ jọ dá iye owó iná, àwọn tó máa lo ìpín 60 nínú 100 iná náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé wọ́n á bi onílé léèrè kí wọ́n tó gbé ẹrù wọlé.

Àwa ńkọ́? Ṣé a ti bi àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ báyìí? Ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́? Ta la máa pè bó bá bàjẹ́? Níbo la fi owó bátìrì kejì sí? Bí iná yẹn bá kú lọ́dún kejì, owó wa nìkan kọ́ ló ṣòfò. Àwọn ọmọ yẹn á délé, wọ́n á ní irọ́ ni sólà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká dìbò bẹ́ẹ̀ ni, ká sì kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé ìpàdé kí kọ́bọ̀ kan tó jáde. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.