A KÌ Í FÁ ORÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ
Ọ̀rọ̀ lórí ilé ìkàwé, tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa

 

Gbogbo wa ni a gbọ́ ìwé tí àwọn ará wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kọ sí Ẹgbẹ́, pé àwọn fẹ́ kó ìwé kún àpótí ńlá kan, kí àwọn sì fi ta ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn ọmọ wa ń lọ lọ́rẹ. Inú rere ni, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà a máa wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Olórí nínú ọ̀ràn yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́ wọn. Ǹjẹ́ a ti bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́?

Ohun tí ojú wa ti rí ni ó mú wa bèèrè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ilé ìkàwé wa kún fún ìwé tí a fi ṣọrẹ láti òkè òkun. A rí ìwé lórí bí a ti í tọ́jú ọgbà nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀. A rí ìwé òfin owó-orí ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ìwé tí olùkọ́ wa ní kí a kà nípa bí a ti ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò, ẹ̀dà 2 péré ni ó wà fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a tó 80. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, àkókò náà gan-an ni a sì ń jáde ní kíláàsì. Àwọn tí ó fi ìwé ránṣẹ́ ṣe é tinútinú. Ẹni tí ń tọ́jú ilé náà sì ń ṣe bí wọ́n ti pàṣẹ fún un. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó bi wá.

Ará Íńdíà kan wà tí ń jẹ́ S. R. Ranganathan. Olùkọ́ ìṣirò ni kí ó tó di alábòójútó ilé ìkàwé Yunifásítì Madras ní 1924. Ní 1931 ó tẹ ìwé kan jáde, nínú èyí tí ó fi òfin márùn-ún lélẹ̀ fún ilé ìkàwé gbogbo. Èkínní nínú wọn ni pé nítorí ìlò ni a ṣe ní ìwé. Ó tún kọ́ni pé olúkúlùkù òǹkàwé ni ó ní ìwé tí ó yẹ ẹ́, àti pé a kò gbọdọ̀ fi àkókò òǹkàwé ṣòfò.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́? A bi àwọn ọmọ wa tí ó wá sílé fún ìsinmi. Kí wọ́n tó dárúkọ ìwé, iná ni wọ́n dárúkọ: ibi tí iná wà títí di alẹ́, tí àga wà, tí ariwo kò sí, nítorí èrò pọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ń sùn. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fẹ́ ẹ̀dà púpọ̀ nínú àwọn ìwé díẹ̀ tí olùkọ́ wọn ń lò. Wọ́n fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í dákú. Wọ́n sì fẹ́ ẹni tí yóò fi sùúrù fi ọ̀nà hàn wọ́n, kí wọ́n lè mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí irọ́ nínú ohun tí wọ́n ń kà lórí ẹ̀rọ alágbèéká. Ojú a máa ti púpọ̀ nínú wọn láti bèèrè.

Ohun tí olùkọ́ wọn ń fẹ́ yàtọ̀. Ẹni tí ń ṣe ìwádìí ń fẹ́ jọ́nà tuntun, tí owó rẹ̀ wọ́n. Ó sì ń fẹ́ ìwé àtijọ́ tí a kò lè rí rà mọ́. Ẹ wo ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, tí a ń fi orúkọ Kenneth Dike pè. Àwọn ìwé tí olóògbé Henry Carr, ọmọ Èkó tí a bí ní 1863, kó jọ nígbà ayé rẹ̀ wà lára ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní 1950, òfin pàṣẹ pé kí a máa fi ẹ̀dà ìwé tí a bá tẹ̀ ní Nàìjíríà ránṣẹ́ síbẹ̀. Ohun tí òpìtàn ń wá lọ sí irú ibẹ̀ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù: ìwé ìròyìn àtijọ́, ìtàn ìlú, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ bí irú tiwa yìí.

Ẹ̀yin ará, irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa! Ìwé ọdọọdún wa àti àkọsílẹ̀ ìpàdé wa wà nínú àpótí ní ilé akọ̀wé, ikán sì ti ń jẹ wọ́n. Bí ọmọ wa kan bá fẹ́ kọ ìtàn ìlú wa lọ́la, níbo ni yóò ti rí i kà?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ Ẹgbẹ́. Èkínní, kí a tó ra ìwé kan ṣoṣo, kí a yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò lọ bá alábòójútó ilé ìkàwé náà, àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n bèèrè, kí wọ́n sì jókòó níbẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ohun tí ojú ń ti àwọn ọmọ láti sọ, wọn yóò fi ojú ara wọn rí i. Èkejì, bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn tan iná ni wọ́n ń fẹ́ ju ìwé lọ, kí àwọn ará wa lókè òkun má ṣe bínú, kí wọ́n fi owó náà rà á. Ẹ̀kẹta, kí a máa fi ẹ̀dà ìwé Ẹgbẹ́ wa fún ilé ìkàwé náà lọ́dọọdún.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀bùn wa wúlò fún àwọn tí a fún.