Orúkọ Òwò Ni Tàbí Kọ́ńpìnì? Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀dọ́ Tí Ó Ń Fi Iṣẹ́ Àwòrán Jẹun



Ọ̀rọ̀ mi lónìí kan àwọn tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán fún títà, tí wọn kò sì sí lábẹ́ ọ̀gá kankan: àwọn tí ń ṣe èèpo ìwé, páálí ọjà àti pátákó ìpolówó. Wọ́n máa ń béèrè pé, "Ṣé orúkọ òwò ni kí n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, tàbí kí n dá kọ́ńpìnì sílẹ̀?" Ìbéèrè kan ni ó yẹ kí ó ṣáájú èyí: bí iṣẹ́ bá dàrú, ọrùn ta ni gbèsè yóò wà?

Ẹ jẹ́ kí a wò ó báyìí. Ayàwòrán kan gba iṣẹ́ ọ̀rá gàrí 20,000, ó sì lọ tẹ̀ ẹ́ ní àwìn. Oníbàárà kò san owó, atẹ̀wé sì ń béèrè owó tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ òwò ni, òfin kò ya orúkọ náà kúrò lára ẹni tí ó ni ín. Ilé ẹjọ́ lè ní kí a ta ọ̀kadà tàbí ilẹ̀ rẹ̀ láti fi san gbèsè. Bí ó bá jẹ́ kọ́ńpìnì tí gbèsè onípìn-ín rẹ̀ ní ààlà, kọ́ńpìnì fúnra rẹ̀ ni onígbèsè. Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán náà bá ti fọwọ́ sí ìwé onídùúró, tàbí tí ó lu jìbìtì, ààbò yìí kò ní gbà á.

Òfin ọdún 1990 kò gbà kí ènìyàn tí ó dín ní méjì dá kọ́ńpìnì sílẹ̀. Òfin kọ́ńpìnì ti ọdún 2020 ti gba ẹnì kan ṣoṣo láàyè. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ méjì tí ẹ pa owó pọ̀ lábẹ́ orúkọ òwò kan, ẹ kíyè sára: gbèsè tí ẹnì kan jẹ nítorí òwò náà lè di ti ẹnì kejì.

Kọ́ńpìnì ní ẹrù tirẹ̀: ó nílò àpò owó tirẹ̀ ní báńkì, ìwé ìṣirò àti ìròyìn ọdọọdún sí CAC. Owó inú rẹ̀ kì í ṣe owó àpò yín. Orúkọ òwò náà ní ìròyìn tirẹ̀, tí ó gbọ́dọ̀ dé ṣáájú òpin oṣù kẹfà lọ́dọọdún, yàtọ̀ sí ọdún tí a forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ jù.

Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì kéré, tí kì í rà ní àwìn, kí ó fi orúkọ òwò bẹ̀rẹ̀. Kí ó máa gba àsansílẹ̀, kí ó sì kọ àdéhùn sílẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá fẹ́ máa gba ọjà àwìn, tàbí tí ó fẹ́ gba òṣìṣẹ́, kí ó ti dá kọ́ńpìnì sílẹ̀ kí gbèsè tó wọlé. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹjọ́ bá dé, nítorí kọ́ńpìnì tí a dá sílẹ̀ lọ́la kò lè gba gbèsè àná kúrò lọ́rùn wa.

Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa.