Ọkàn Ni Yóò Sọ Pé Eré Tó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ asáré, ta ni yóò sọ fún yín pé eré ti tó? Ní ilẹ̀ Jámánì, láàárín 1930 sí 1940, olùkọ́ eré ìje Woldemar Gerschler àti dókítà Herbert Reindell ní kí ọkàn sọ ọ́. Asáré á sá títí ọkàn rẹ̀ yóò fi lù ní ìgbà 180 ní ìṣẹ́jú kan, á sì sinmi. Bí ó bá rọlẹ̀ dé 120 kí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ tó pé, á tún sá. Bí kò bá rọlẹ̀, eré náà ti pọ̀ jù.

Ẹ fi ìka méjì kan ọrùn ọwọ́ yín, ẹ ka lílù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Iye ọmọdé kì í ṣe iye àgbà. Kí olúkúlùkù mọ tirẹ̀.