ADÁGÚN ÌLÚWẸ̀Ẹ́ ÌJỌBA: TA NI Ó YẸ KÓ MÚ KỌ́KỌ́RỌ́ RẸ̀?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín bó bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni mo bá wá. Yóò ní, “A ò tíì rí omi mu, ta ló ń wá omi tí yóò lúwẹ̀ẹ́?” Ẹ fara balẹ̀ ná, ẹ ó rí ibi tí mò ń lọ.

Ní ìlú Newcastle, ní àríwá ilẹ̀ Ẹ́ńgíláǹdì, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Jesmond. Ní 1991, ìjọba ìbílẹ̀ ti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pa, wọ́n ní kò sówó. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ àti aládùúgbò wọn kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó fi di 1992, wọ́n ti ṣí i padà. Bramley Baths ní Leeds ńkọ́? Láti 1904 ló ti wà. Ìjọba ìbílẹ̀ dín wákàtí tí wọ́n fi ń ṣí i kù, wọ́n fẹ́ ṣọ́ owó ná. Ní January 2013 ará àdúgbò gbà á, wọ́n sì fi kún wákàtí ọ̀hún. Ní 2018, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Moseley Road, ní Birmingham.

Ọgbọ́n wo ni wọ́n dá? Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ń jẹ owó bí iná ṣe ń jẹ igbó. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ máa yí omi tọ̀sán-tòru, oògùn apakòkòrò kò gbọdọ̀ tán, omi gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ nílẹ̀ òtútù, àwọn tó ń ṣọ́ omi kí ọmọ má bàa rì gbọ́dọ̀ gba owó oṣù. Èèyàn wá o, èèyàn ò wá o, owó ń jáde. Akọ̀wé tó jókòó sí ọ́fíìsì kò mọ wákàtí tí ilé náà ń ṣófo. Àwọn òmùwẹ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ìdájí ni òṣìṣẹ́ ń fẹ́, pé lẹ́yìn ilé ìwé ni òbí ń mú ọmọ wá kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, owó ẹ̀kọ́ yẹn sì ń gbé ilé náà ró. Bí òrùlé bá ń jò, orí tiwọn ló kọ́kọ́ ń jò lé.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èyí tàn yín jẹ o! Ìjọba kan lè fẹ́ sá fún gbèsè rẹ̀: á gbé ilé tó ti ń wó lé ìlú lọ́rùn, á ní, “Ẹ̀yin lẹ ni ín.” Nígbà tí owó gáàsì àti iná mànàmáná fò sókè ní 2022, àwọn òmùwẹ̀ wọ̀nyí náà ké gbàjarè. Ní March 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti ya owó tó lé ní 60 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ìfẹ́ nìkan ò lè sanwó iná.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń wí nìyí: kí ìjọba kọ́kọ́ tún ilé ṣe, kó tó fi yá àwọn tó ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò gbọdọ̀ tà á. Kí wọ́n máa ka ìṣirò owó sétí ìlú, kí ọmọ tálákà sì rí ọ̀nà wọlé.

Nílé ńbí, ẹ wo Pápá Ìṣeré Sùúrùlérè l'Ékòó. Ọdún 1972 ni wọ́n kọ́ ọ, ìdíje gbogbo Áfíríkà wáyé níbẹ̀ ní 1973, ó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pa gbogbo rẹ̀ tì. Ṣé àwọn òmùwẹ̀ ló bà á jẹ́ ni? Wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́ rí! Àwọn ọmọ wa sì ń rì sódò nítorí kò síbi tí wọn ó ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́.

Àwọn tó wà lórí àlééfà ń bọ̀ wá tọrọ ìbò. Bí wọ́n bá dé, ẹ fún wọn ní àga, ẹ fún wọn lómi mu, kí ẹ wá bi wọ́n léèrè ohun ìjọba tó wà ládùúgbò yín, ì báà ṣe pápá, ì báà ṣe ẹ̀rọ omi: ta ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìwé ìṣirò owó rẹ̀ sì dà?