Àwọn Ọmọ Ilé Kúdẹtì
(Ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́ kíláàsì Yorùbá ti ọjọ́ Sátidé bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa ní Dacula)

Ẹ ní kí a wá sọ ìdí tí àwọn ọmọ fi ń dín kù ní kíláàsì. A ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gba inú ìtàn kan kọjá.

Ní 1814 ni wọ́n bí ọkùnrin kan ní Jackson County, tí ó bá Gwinnett tiwa níbí pààlà. Thomas Jefferson Bowen ni orúkọ rẹ̀. Ní 1850 ó gúnlẹ̀ sí Badagry gẹ́gẹ́ bí míṣọ́nárì Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ó gbé Abẹ́òkúta, ó gbé Ìjàyè, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ó padà sílé, ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní Washington ní 1858. Ọmọ Georgia ni o! Ẹni tí ó bá ní Yorùbá kò wúlò ní apá ibí yìí, Bowen ti dá a lóhùn tipẹ́.

Ní àkókò Bowen náà, tọkọtaya kan láti ọ̀dọ̀ C.M.S. wà ní Ìbàdàn: David Hinderer, ará Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀, ará Ìlú Ọba. Ní 1853 ni wọ́n dé, Kúdẹtì ni wọ́n sì tẹ̀dó sí. Olóyè kan, Olúnlọ́yọ̀ọ́, ló mú ọmọ rẹ̀ méjì wá bá wọn, Yéjídé àti Akínyẹlé. Ẹ fi ara yín sípò ìyá wọn ná. Ayé ogun àti òwò ẹrú ni, àwọn òyìnbó tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdílé wọn sì ní kí o mú ọmọ rẹ wá.

Anna kọ bí ọjọ́ wọn ṣe ń lọ sílẹ̀. Ìwé náà jáde ní 1872, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn ọmọ kan kì í wá láàárọ̀ kí wọ́n sì lọ lọ́sàn-án, inú ilé náà ni wọ́n ń gbé. Bí wọ́n bá ti gbàdúrà àárọ̀ tán, ó di ìwé, ó di aṣọ rírán, ó di orin, ó di eré. “Ìyá” ni wọ́n ń pè é. Ibà ń dá tọkọtaya náà dùbúlẹ̀ léraléra. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó kò wọlé mọ́, wọ́n sì ń ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ lè jẹun. Títí di 1869 ni iṣẹ́ wọn fi wà ní Ìbàdàn, kí Daniel Olúbi, ọmọ Yorùbá, tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn.

A ò ní ṣe bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ilé bàbá àwọn ọmọ ń bọ òrìṣà, àwọn Hinderer sì fẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n na àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kan nítorí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ìyẹn ṣì ń dun àwọn kan nínú wa. Ṣùgbọ́n èdè kò kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ náà. Hinderer, tí Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀, kọ́ Yorùbá títí ó fi túmọ̀ Pilgrim's Progress, ìwé John Bunyan.

Ẹ padà sí Dacula. Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè ń wá gbé àwọn ọmọ wa láàárọ̀ kùtùkùtù. Àwọn olùkọ́ wọn ń gbìyànjú, a kò fẹ̀sùn kàn wọ́n. Yorùbá kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Àwa, wákàtí méjì péré la ní lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ mọ́kàndínlógún la bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ó ku mẹ́sàn-án. Àwọn tí ó kù náà, kí ìyá wọn tó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tán, Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa náà jẹ̀bi. Ọ̀kan nínú wa bá ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá nínú ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ sílé. Ọmọ náà wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní, “Mọ́mì, ṣé kíláàsì ò tíì parí ni?”

Ó dun ìyá náà títí alẹ́. Ọmọ ọdún méje ni, ó ti pinnu pé èdè yìí, kíláàsì ló wà fún, bíi ìṣirò. Níbo ni yóò ti mọ̀ pé èdè tí a fi ń jẹun, tí a fi ń wẹ̀, tí a fi ń jà tí a sì fi ń parí ìjà ni? Ní Kúdẹtì, ilé ni ilé ẹ̀kọ́.

Nítorí náà la ṣe fẹ́ yí ètò padà. Láti oṣù tó ń bọ̀, kíláàsì yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá, yóò sì parí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn ọmọ yóò bá wa gé ẹ̀fọ́, wọn yóò fọ abọ́, òbí wọn yóò jókòó jẹun pẹ̀lú wọn, Yorùbá nìkan la ó sì máa sọ. Ẹ̀yin tí màmá yín ti ilé wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú màmá wá. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ìyá méjì ti gbà láti máa dáná. A ṣì ń wá ẹnì kẹta, ẹni tí ó ní ìkòkò ńlá.