Ìlera L'oògùn Ọrọ̀



Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Láti àárọ̀ la ti ń jókòó ti gàrí àti èlùbọ́. Bí a bá fẹ́ dìde, orúnkún á ní òun ò lọ. Ẹnìkan nínú wa yáwó ẹgbẹ́ láti fi rajà, ó ṣubú, owó náà bá ìtọ́jú lọ.

Àwọn àgbà ilẹ̀ Ṣáínà ní eré ìdárayá kan, tai chi. Wọ́n á péjọ ní gbangba láàárọ̀, wọ́n á máa gbé ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń jó ijó àgbà. Kò gba sísáré. Àwọn oníṣègùn ti rí i pé ó ń dín ìṣubú àgbàlagbà kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ká máa dára yá fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀.

Bí a ò tilẹ̀ rí olùkọ́ rẹ̀ n'Igbó-Ọrà, a lè jọ máa na ara fún 20 ìṣẹ́jú kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pọ̀, ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì.

Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.